Obìnrin Kan, Fáìlì Méjì

Fáìlì òkú ní òórùn tirẹ̀: eruku, ìtọ̀ eku àti sípíríìtì. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òórùn yẹn ni mo ń gbé lọ sílé l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ka fáìlì àwọn tó kú sí wa lọ́wọ́, kí n ya àwọn tí àìsàn pa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí àwa fúnra wa pa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ọlọ́gbọ́n ayé. Mo rò pé bí a bá ti ka àṣìṣe tán, ojú á ti àwọn tó ṣe é.

Obìnrin kan wá láti Japara, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó sì bímọ láyọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì lé ìyá rẹ̀ tó bá a wá síta, wọ́n gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì láìbéèrè ohunkóhun. Ara rẹ̀ wú, èémí sì dá kí dókítà tó dé. Àwọn àna, ìyẹn ẹbí ọkọ rẹ̀, ní ìyá yìí ló pa á, pé ó fi àdúrà dá a dúró pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ìyá náà wá bá mi pé kí n bá òun wo ohun tó pa ọmọ òun. Ó ní wòlíì ti pa orúkọ ọmọ náà dà kó tó lóyún, pé àwọn ọ̀tá ti mọ ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é mọ́. Torí náà, nígbà tí akọ̀wé béèrè lọ́jọ́ ìbímọ bóyá ọmọ náà ti gba káàdì lọ́dọ̀ wa rí, ìyá ló yára dáhùn pé rárá.

Ó sọ orúkọ àkọ́kọ́ náà sí mi létí, mo sì fi wá a. Fáìlì kan jáde, ti ìgbà èwe rẹ̀. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára rẹ̀ pé pẹnisílìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kí ẹnikẹ́ni má tún gún un mọ́.

Mo sáré gbé òun àti fáìlì ìbímọ rẹ̀ tọ ọ̀gá dókítà lọ. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Orúkọ méjì, èèyàn méjì. Dá wọn padà síbi tí o ti bá wọn.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kà á: ara ọ̀kan yá, ó lọ sílé, èkejì kú ikú tí ẹnikẹ́ni ò lè dá dúró.

Inú bí mi. Ṣebí àwọn àgbà ní òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Mo gbọ̀nà Japara lọ.

“Ìyá, abẹ́rẹ́ wa ló pa á. Ẹ̀yin kọ́.” Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí dórí bírò pupa. Mo ń retí ọpẹ́, èmi ọ̀dẹ̀!

Ó bi mí pé: “Bí mo bá ti pe orúkọ àkọ́kọ́ ni, ṣé wọn ì bá gún un?”

Mo ní ojúṣe wọn ni láti béèrè. Ó tún bi mí. Mo ní rárá, wọn ì bá má gún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ kúnlẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ọmọ tí olóògbé náà bí ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní ìyá àgbà ló pa ìyá òun, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Nílé ìwòsàn wa, kò sẹ́ni tó pa á.