Igi Bàbá Mi Tí Kò Ga

Òórùn igi páìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Bàbá mi á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wa ní Mowe, àlùmọ́gàjí kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gé ewé tó ti gbó lára igi náà, òórùn oje rẹ̀ á sì máa ta sánsán gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Igbó ṣì pọ̀ ládùúgbò wa nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí àwọn ilé tí wọn ò tíì rẹ́, àti ariwo mọ́tò ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí kì í dákẹ́.

Dẹ́rẹ́bà ni bàbá mi. Ẹnjiníà ará Japan kan ló ń wa ọkọ̀ fún, nígbà tí ọkùnrin náà sì ń padà sí ìlú rẹ̀, ó gbé igi náà lé e lọ́wọ́ nínú ìkòkò pẹlẹbẹ kan. Bọ́ńsáì ni wọ́n ń pè é. Igi tó máa ń ga ju òrùlé lọ nínú igbó ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gé e, wọ́n sì ti ń fi wáyà tẹ ẹ̀ka rẹ̀ láti kékeré, kó lè rí bí àgbà igi láì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n so pọ̀, ìlà funfun sì wà lára wọn. Ó ju bàbá mi lọ́jọ́ orí. Bàbá mi á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," fún un, èmi á sì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà ò ga. Iwájú pátápátá ni mo máa ń wà lórí ìlà nílé ìwé, "kúkúrú bìlísì" sì lorúkọ tí àwọn ọmọ ń pè mí. Ó ń dùn mí wọra. Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wa. Ó wo igi, ó wo èmi, ó wá yíjú sí ìyá mi. "Màmá Àṣàkẹ́, igi yìí ti darúgbó, kò ga. Ọmọ yín náà ò ga. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ni?"

Ọkàn ìyá mi ò balẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Ó ní kí bàbá mi gbé igi náà kúrò. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n wá fẹnu kò pé bí ó bá yọ ọwọ́ tuntun lórí ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, yóò dúró. Bí kò bá yọ, ó di igi ìdáná. "Mi ò fẹ́ ohun tí ò ga nínú ilé mi," ni ìyá mi wí. Mo wọ yàrá lọ sunkún, nítorí èmi pẹ̀lú wà nínú ilé náà.

Kò pẹ́ tí ewé igi náà fi ń pọ́n. Bàbá mi ò mọ ohun tó ṣe é. Láàárọ̀ kan, mo jáde lọ fọ ẹnu, mo bá ìyá mi nídìí ìkòkò. Ó ń da omi tó ti gbàdúrà sí sínú rẹ̀, jọ́ọ̀gì kan gbáko, ó ń sọ pé, "Dàgbà lórúkọ Jésù. Dàgbà." Ojoojúmọ́ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí tèmi. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu bàbá mi pé bí omi bá ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ irú igi yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ á rà. Ta ló fẹ́ sọ fún obìnrin yìí pé omi àdúrà rẹ̀ ló ń pa igi? Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà yín dáa. Omi ló pọ̀ jù."

Mo ń retí ìgbájú. Ó gbé jọ́ọ̀gì sílẹ̀. "Ṣé kí n kàn máa gbọ́wọ́ lé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó dáa. Lọ pe dádì ẹ."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ tú igi náà jáde. Bàbá mi gé gbòǹgbò tó ti rà. Èmi fi asẹ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ létí ilé, èyí la fi tún un gbìn, kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Ìyá mi gbọ́wọ́ lé ìkòkò, ó gbàdúrà, kò da nǹkan kan.

Ọyẹ́ wá, ó lọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ tuntun ti yọ lórí gbogbo ẹ̀ka, wọ́n funfun, wọ́n dúró ṣánṣán bí àbẹ́là. Inú mi dùn, mo ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi jó yí ìkòkò ká, ó tún lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé igi tó dúró sójú kan ti dàgbà, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi jókòó, ó já orí àwọn ọwọ́ tuntun tó gùn jù.

"Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ̀rí tí mo ti jẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti dàgbà náà nìyẹn," ni bàbá mi wí. "Gíga ni mi ò ní kó ga."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú, mi ò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo ti ní ọgbà igi tèmi ní Ibafo báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ti yunifásítì tó wà ní Ìbógun wá kọ́ bí a ṣe ń tẹ ẹ̀ka. Igi bàbá mi ṣì wà láyé, èmi ni mò ń gé e. Ọmọ tó ń sunkún ní yàrá lọ́jọ́ náà ì bá fi gbogbo ohun tó ní ṣe pàṣípààrọ̀ kó lè ga díẹ̀ sí i. Èmi òde òní ò fi bẹ́ẹ̀ ga jù ú lọ. Bí àwọn oníbàárà bá wọlé, wọ́n á máa wo òkè orí mi kiri, wọ́n á ní ọ̀gá làwọn ń wá. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Èmi ni."