Fèrè Tó Dún ní Ọgọ́ta Mítà

Ẹsẹ̀ méjì péré ni Fìrì ní. Ẹ bá mi sọ fún àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, torí ó jọ pé wọn ò mọ̀. Ní kùtù àárọ̀, Bàbá Aago tó ń kọ́ àwọn asáré á ti dúró dè é lẹ́bàá ojú ìsáré, aago lọ́wọ́, ojú líle. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Kóòṣì tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní bọ́ọ̀lù á máa wá a kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù.

Bọ́ọ̀lù lọmọ náà fẹ́ràn. Eré sísá ló ń gbé e ró níléèwé. Lọ́dọọdún, wọ́n á sá ọgọ́rùn-ún mítà, àwọn mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ dé á ní yàrá àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí ọdún á fi yí po. Àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Aṣọ tó ti ṣá, àti wákàtí méjì lọ́sẹ̀ lórí pápá tó dáa. Àǹtí Kóòṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fa Fìrì lọ́wọ́ lọ bá Bàbá Aago lọ́dún tó wọlé, tó ní, "Ẹ wo ọmọ yìí, sà. Ẹ̀yin lẹ ní nǹkan tẹ́ẹ lè fún un."

Ọdún kan péré ló kù kí Fìrì jáde. Ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan, orí ìdúró ló ń wà látàárọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Bí Fìrì ò bá sí nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ilé nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù. Kò síbòmíràn.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lórí pápá tó wà láàárín ojú ìsáré. Wọ́n tiẹ̀ dárúkọ àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù: tí wọ́n bá rí wọn níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wọn ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ́la, Àǹtí Kóòṣì sì lágídí. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan lápá òdìkejì pápá náà, ó ní àwọn ò ní pẹ́.

Ìbọn dún. Fìrì jáde dáadáa. Ní ọgọ́ta mítà, kò sẹ́ni níwájú rẹ̀. Àfi bí fèrè ṣe dún láti kọ̀rọ̀ yẹn, fííí, ẹnì kan ti gbá ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Fìrì dẹwọ́ eré. Kì í ṣe pé ó rò ó o. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń kọ́ ọ nídìí bọ́ọ̀lù pé bí fèrè bá ti dún, kó dúró, kó má lọ gba káàdì lásán. Ẹsẹ̀ ọ̀hún kàn ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni. Kó tó tún gbé e nílẹ̀, àwọn mẹ́rin ti kọjá. Ipò karùn-ún ló ṣe.

Bàbá Aago bá a níbi tó jókòó sí.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Fèrè ni, sà."

"Ìdajì wákàtí lo ní láti fẹjọ́ sùn. Bó o bá kọ ọ́, wọ́n á tún eré yẹn sá. Ṣùgbọ́n kọ orúkọ ẹni tó fọn ọ́n." Ó na bébà kan sí i. "O mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un."

Fìrì gba bébà wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "ẹnì kan" ló fọn fèrè. Àwọn adájọ́ ìdíje dá a padà. Ó sunkún, ó gbá orí mọ́ ògiri, ó bẹ Ọlọ́run pé kí Àǹtí Kóòṣì kúkú wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un? Ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sídìí ilé ìkàwé, kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, Fìrì kọ orúkọ náà, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ kí wọ́n má baà tún dá a padà.

Wọ́n tún eré sá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ṣe ipò kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá: kò sí bọ́ọ̀lù obìnrin mọ́, kò sì sí iṣẹ́ mọ́ fún ẹni tó ń kọ́ wọn.

Àǹtí Kóòṣì ló wá bá a ní yàrá. Fìrì kúnlẹ̀.

"Dìde," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n fi bébà yẹn hàn mí. Ká ní èmi ni ìwọ, èmi náà á kọ ọ́."

Ìbá sàn kó gbá a létí. Obìnrin náà yí padà, ó lọ.

Fìrì pe ìyá rẹ̀. Ariwo ayọ̀ gba gbogbo ilé ìfọṣọ, wọ́n ń kí ìyá níhìn-ín, wọ́n ń kí i lọ́hùn-ún. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyá ní, "Gbé fóònù fún kóòṣì ẹ obìnrin yẹn, jẹ́ n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló mú ẹ débẹ̀."

"Kò sí nítòsí, mà," ni Fìrì wí.

"Ó dáa, màá pè padà lọ́la."