Ògbufọ̀ Tí Mo Gba Máìkì Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ohùn ọ̀tá mi ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò mọ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, bóyá ì bá ti dákẹ́.

Òun ni ògbufọ̀ ìjọ wa ní Òkè-Ìlá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Bàbá Tíṣà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Pásítọ̀ wa kì í ṣe ọmọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fi ń wàásù. Bó bá sọ gbólóhùn kan, á dúró, Bàbá Tíṣà á wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwa tí ilé ìwé kò gbé débì kan. Èmi fi girama sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, mo lọ kọ́ṣẹ́ táìlì lílẹ̀. Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì jáde lẹ́nu, kódà mo lè kà á kó dán. Ohun tó ń sọ ni n kì í mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kà á nílé. Mo kà á láìkọsẹ̀, ìjọ pàtẹ́wọ́. Màámi jókòó sí bẹ́ǹṣì kẹta, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó bí mi. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni Bàbá Tíṣà di apá mi mú, máìkì lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọkùnrin, o káre. Kí lo kà?"

"Ẹ̀kọ́ ni, sà."

"Mo mọ̀. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo wo ojú ìwé náà. Ó wo èmi náà. Mo ní, "Ó ní ká máa gbàdúrà, sà."

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lo kà nípa wọn. Ìjì ń jà, omi ń wọlé. Ìwọ ò tiẹ̀ rí omi ni?"

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé, "Ọkọ̀ ti rì mọ́ ọ lọ́wọ́, o ṣì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tukọ̀." Ẹ̀rín yẹn ga ju àtẹ́wọ́ lọ. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba, ó ń tún gèlè tí kò tú wé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, orúkọ mi ti di Ọlọ́kọ̀. "Ọlọ́kọ̀, gbé sìmẹ́ǹtì wá. Rọra o, kó má rì." Mo gbé e wá. Nínú mi, mo ti búra pé máìkì yẹn, mo máa gbà á lọ́wọ́ bàbá yẹn, lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n máa ń fi ohùn ìwàásù ránṣẹ́ sórí fóònù wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ki íápíìsì kan bọ etí, mo fi fìlà bò ó, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì pásítọ̀ dà bí òjò lórí páànù: o mọ̀ pé ó ń rọ̀, o ò lè mú ẹ̀kán kan nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe fi ọ̀tá mi lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí pásítọ̀ bá sọ, bàbá ń túmọ̀ rẹ̀ níwájú mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí pásítọ̀ bá ti sọ tirẹ̀ tán, màá tẹ fóònù kó dúró kí bàbá tó lanu. Màá túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá gbà á láyè kó sọ̀rọ̀, kí n mọ̀ bóyá a pàdé. Kí n má purọ́, dídá a lẹ́nu dúró yẹn dùn mọ́ mi. Nígbà míì, màá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá lọ po sìmẹ́ǹtì, màá jẹ ẹ̀wà, kí n tó padà wá jẹ́ kó sọ tirẹ̀.

Ní ti ìwé kíkà, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí àwọn akunlé ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má bàa kán sí táìlì ni mo ń kà. Màá ka ìpínrọ̀ kan, màá gbé táìlì lé e lórí, màá wá fi ohùn Bàbá Tíṣà bi ara mi pé, "Kí lo kà?" Bí n kò bá rí i sọ, màá bú ara mi bó ṣe bú mi, màá ṣí táìlì, màá tún un kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé orí mi ti ń dàrú.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò tún dé. Èmi àti bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Nígbà tó yá, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbì kan náà ṣáá. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo ṣì í gbọ́. Mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Kì í ṣe èmi. Bí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ bá ti le, bàbá kì í sọ ọ́ bó ṣe le. Pásítọ̀ sọ pé ẹni tó bá lọ ṣọdún ìbílẹ̀ nílùú rẹ̀, kó má padà wá sínú ìjọ òun. Bàbá ní, "Ẹni tó bá re ilé ọdún, kó má gbàgbé ilé Olúwa." Lọ́jọ́ mìíràn, pásítọ̀ sọ pé obìnrin tó bá ń ta ẹmu kò gbọdọ̀ súnmọ́ tábìlì Olúwa. Bàbá ní, "Kí kálukú yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò kó tó nà án."

Mo pa ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìlì. Mo mọ ẹni tó ń ta ẹmu nínú ìjọ wa. Màámi ni. Láàárọ̀ ni adẹ́mu ń fi ọ̀kadà gbé e wá fún un láti Ìgèdè. Owó ẹmu ni ó fi ra ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kàwé. Àmọ́ Màámi kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọwọ́ mi ti tẹ bàbá yìí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a máa ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ìbéèrè á dìde. Mo dìde. Bàbá Tíṣà na máìkì sí mi kó lè túmọ̀ ìbéèrè mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ. Mo sọ fún pásítọ̀ pé ohun tó ń sọ kọ́ ni a ń gbọ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ò mọ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú pásítọ̀. Ó bi bàbá bóyá òótọ́ ni.

Ó rọrùn fún bàbá láti fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí ìjọ, ó fi Yorùbá sọ ọ́ pé, "Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá wí, àgbà ni wọ́n. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Èmi ò lè sọ odindi sí wọn lójú."

Pásítọ̀ yíjú sí mi, ó ní kí ni bàbá sọ.

Mo sọ fún un pé bàbá ní ẹ̀rù wọn ló ń ba òun.

Èmi àti bàbá nìkan la mọ ohun tí mo ṣe. Ó wò mí. Mo ń retí kó tú àṣírí irọ́ mi, mo ti múra ìjà. Kò tú u. Ó fi máìkì sí ọwọ́ mi, ó lọ jókòó. Mo délé, mo sùn bí ẹni tó jẹ iyán.

Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Ọlọ́kọ̀ mọ́. Bàbá Tíṣà kò fi ìjọ sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì iwájú ló ń jókòó sí, yóò gbé orí sókè, yóò máa gbọ́ wa lẹ́nu, pásítọ̀ àti èmi. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni mò ń túmọ̀ bó ṣe jáde, pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ni.

Ọjọ́ oúnjẹ Olúwa pé. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹmu, mo sì mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Ó sọ ọ́, ó dúró dè mí. Màámi wà ní bẹ́ǹṣì kẹta. Mo lè dì í, kí ẹ̀gún rẹ̀ má hàn. Ó wà lẹ́nu mi bí bàbá ṣe máa ń dì í gan-an, mo ti gbọ́ ọ tó lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dì í, ẹnì kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tó máa mọ̀ pé mo dì í, ó sì ń wò mí.

Mo ní, "Obìnrin tó bá ń ta ẹmu kò gbọdọ̀ súnmọ́ tábìlì Olúwa."

Ojú Bàbá Tíṣà ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ti Màámi. Bàbá ti tẹrí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe bẹ́ǹṣì kẹta síbi tábìlì, Màámi kò dìde. Ó yẹ orúnkún sí ẹ̀gbẹ́ kí àwọn yòókù lè kọjá.

Nílé, ó gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e. Mo ní, "Màámi, pásítọ̀ ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ." Ó bu omi ọwọ́ fún mi. "Uṣẹ́ rẹ ti dán. Ọ̀rọ̀ kan ò sọnù nínú ẹ̀."

Mo ní màá lọ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀.

"Jẹun," ni ó wí, ó sì jáde lọ dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn.

Ó ṣì ń ta ẹmu, ó ṣì ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n tún pe bẹ́ǹṣì kẹta, ó tún yẹ orúnkún. Bàbá Tíṣà ti dìde, ó wà lórí ìlà níwájú lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn ará bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Màámi, ó padà jókòó, kò lọ síbi tábìlì. Máìkì wà lọ́wọ́ mi, pásítọ̀ sì ti sọ̀rọ̀ tán, ó ń dúró kí n túmọ̀.