Jọ́tà Tí Mo Ṣe fún Àǹtí Wa

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sin òkú wọn, wọn kì í sì í mú fọ́tò olóògbé wá fún wa títí ìsìnkú yóò fi ku ọ̀la. Èmi ni mo ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo ń to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sójú ìwé. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Mi ò kórìíra iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ẹni tó mọ̀ mí ní kékeré bi mí pé, "Níbo lo wà báyìí?" Mo mọ̀ pé ìbéèrè ìfẹ́ ni. Àmọ́ bí mo bá ti rí ẹni tó lè bi mí lókèèrè, ojú á ti tì mí kí onítọ̀hún tó lanu.

Ẹni tí mo ń sá fún jù ni àǹtí wa. Òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bàrígà, ó sì wà ní kíláàsì kẹta yẹn títí di òní, nínú yàrá kan náà tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ṣí agboòrùn rẹ̀ sórí. Mo yà sí òdìkejì, mo dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ta káàdì fóònù títí ó fi kọjá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbéraga ni. Mo kàn rò pé tó bá rí mi, yóò rí i pé wàhálà tó ṣe lórí mi kò tíì so èso.

Ó yẹ kí n sọ wàhálà ọ̀hún. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mi ò lè kàwé sókè níwájú èèyàn. Mo mọ̀ ọ́n kà. Bí mo bá dá wà, màá kà á bí ẹni ń mumi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde tí mo rí ojú àwọn ẹgbẹ́ mi, ohùn mi á há sí ọ̀fun. Tíṣà tó wà ṣáájú rẹ̀ nà mí títí, pàbó ló já sí. Àǹtí wa kò nà mí. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, kí n kẹ́yìn sí gbogbo kíláàsì, kí n máa kà. Ó dúró tì mí, òun náà kọjú sí ògiri. Mo kà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di èjìká mi mú, ó yí mi díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yí àga. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ó tún yí mi díẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nígbà tí sáà yóò fi parí, ojú wọn ni mo ń wò tí mo fi ń kàwé, mi ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí mo yí tán. Bí mo bá rántí sùúrù tó wà nínú ìyẹn, omi máa ń lé sí mi lójú. Àwa ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní ogójì, ó sì tún ráyè máa fi díẹ̀díẹ̀ yí èmi nìkan.

Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ nítòsí ilé-ìwé náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun, ó ní:

"Àǹtí yín yà sọ́dọ̀ mi lónìí. Ó ní tí sáà yìí bá ti parí, òun ń lọ bá àbúrò òun ní Ọ̀yọ́."

"Ṣé ó ń lọ sinmi ni?"

"Sinmi kẹ̀? Ó ní òun ò ṣe tíṣà mọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ó ti rẹ òun, àti pé àwọn tí òun kọ́ gan-an, tí wọ́n bá rí òun lọ́nà, ṣe ni wọ́n ń wo ibòmíràn."

Mo fi òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀ pé èmi wà lára àwọn tó ń wo ibòmíràn, mi ò sì ní ìgboyà láti sọ fún un. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù kí sáà parí, àti pé àwọn ọmọ kan wà ní kíláàsì yẹn báyìí tí ohùn wọn há sí ọ̀fun, tí wọn ò ní rí ẹni yí wọn.

Ládùúgbò wa, ọjọ́ ìparí sáà ni àwọn òbí máa ń fún tíṣà ní nǹkan. Ọmọ á gbé ọṣẹ ìfọṣọ tàbí mílíìkì alágolo sínú ọ̀rá, á kúnlẹ̀, á ní, "Àǹtí, màámi ní kí n fún yín." Ó dára, àmọ́ ó máa ń dà bí ẹ̀bùn ìdágbére. Mo fẹ́ ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí kò retí rẹ̀, bóyá yóò pa èrò dà. Mo wá rántí àgékù pépà. Bí ẹ̀rọ bá ti gé etí ìwé dọ́gba tán, ohun tó kù máa ń pọ̀, dídà là ń dà á nù. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí n fi ṣe jọ́tà kéékèèké fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, kí n fi fọ́tò àǹtí wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kó o," ni ọ̀gá wí. "Iṣẹ́ oníbàárà ni kó o kọ́kọ́ ṣe tán o. Òkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́bọ̀ ni mo ráyè ṣe é. Iṣẹ́ bàbá kan tí wọ́n fẹ́ sin lọ́jọ́ kejì ló ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Kí n má baà máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, mo yọ fọ́tò bàbá náà, mo fi ti àǹtí wa sí i, èyí tí ìyá mi yà níbi ìkómọ kan. Mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rẹ́, mo kọ "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Àǹtí Wa." Mo fi òwú ìyá mi rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà lójú mi: fọ́tò náà rí roboto bí ẹyin, àwọ̀ elésè àlùkò yí i ká, òdòdó funfun wà nísàlẹ̀, ẹyẹlé funfun méjì ń fò lókè. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Iṣẹ́ ti mọ́." Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran láìsí awò pín wọn fún àwọn òbí tó ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ dání lọ́jọ́ Ẹtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi dún.

"Kí lo fi sẹ́yìn ìwé yìí?" Ohùn ìyá mi ń gbọ̀n. "Máa bọ̀ ní ilé-ìwé. Máa bọ̀ báyìí báyìí!"

Mo sáré. Èrò ti pé sẹ́nu géètì. Ìyá ọmọ kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú jọ́tà láyà, ó ń sunkún. Bàbá àgbà kan tó dé fìlà mọ́ṣáláṣí ń mi orí, ó ń ṣàdúrà lábẹ́ ẹnu. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró sáàárín ọ̀nà, èrò ṣì wà nínú rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ọjọ́ Ajé ni mo rí i! Mo rí i, mi ò kí i! Mo ní mo ń sáré!"

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ò ní gbé wa lọ sí Fádèyí mọ́ ni?" ni obìnrin kan ké láti inú kẹ̀kẹ́.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹni tó kọ́ mi ní ABD kú, ẹ̀ ń bi mí ní Fádèyí!"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo jọ́tà náà bí ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe ń wò ó. Ẹyẹlé méjì, òdòdó funfun, àwọ̀ elésè àlùkò. Kò sí ẹni tó rí fọ́tò àgbàlagbà nínú irú férémù bẹ́ẹ̀ tí yóò dúró ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa débi pé ojú èmi àti ọ̀gá kò rí i mọ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa àǹtí wa.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni àǹtí wa yọ ní kọ̀rọ̀, agboòrùn lọ́wọ́, báàgì léjìká. Ó rí èrò, ó rí obìnrin tó wà nílẹ̀, ó sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

Obìnrin náà gbójú sókè, omijé ń ṣàn. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Àǹtí."

Bàbá onífìlà bú sẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ náà dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ń pariwo pé, "Ẹ ò ní kú! Ẹ ò ní kú!" Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Àǹtí wa gba jọ́tà, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì kẹta.

"Ìwọ tó o máa ń sá pa mọ́ sẹ́yìn oníkáàdì?"

Ó ti rí mi lọ́jọ́sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé mi ò tíì rí iṣẹ́, pé ojú ló ń tì mí, pé mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ, pé mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ ṣe gudugudu méje, pé àgékù pépà ni, pé mi ò rí ẹyẹlé náà...

"Ó tó," ló wí. "Àlàyé rẹ gùn ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ." Ó mú báírò pupa láti inú báàgì, ó fa igi lé ẹyẹlé méjèèjì lórí, ó kọ "Tún un ṣe" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dá a padà fún mi. Ó wá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà di ikọ́, ohùn rẹ̀ sì há.

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ṣì wà nílẹ̀. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní bàtà lọ́dún tí tèmi já."

"Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́. Mo mọ̀ pé ìwọ ni." Ó yíjú sí gbogbo wa. "Ẹ wò ó, ẹkún yín dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè ni mí. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni mò ń pariwo mọ́ lójúmọ́. Ọ̀fun mi ń dùn mí, ẹsẹ̀ mi ń dùn mí, bí mo bá kọjá, ẹ kì í kí mi. Kí lẹ fẹ́ kí n dúró ṣe?"

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun á wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Àǹtí, kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ìyá tó sunkún ní òun á máa fi omi gbígbóná àti atalẹ̀ sínú fíláàsì rán ọmọ òun. Nígbà tó kàn mí, mo rò ó títí, ẹ̀rù ń bà mí kí n má tún ba nǹkan jẹ́. Mo ní mo lè máa tẹ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sára káàdì ńlá, kí wọ́n máa fi igi tọ́ka sí i dípò kí wọ́n máa pariwo.

"A ó máa wò ó," ló wí, ó wọlé lọ pe àwọn ọmọ sórí ìlà.

Kò sọ pé òun ń dúró. Mo tún jọ́tà ṣe, ìwé pupa àti òfeefèé ni mo fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, mo mú un lọ fúnra mi. Fún àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, mo ń gbé káàdì lọ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ń rí fíláàsì lórí tábìlì rẹ̀, mo ń rí kẹ̀kẹ́ tó ń já a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́nu fèrèsé, mo ń wò ó bó ṣe ń kọ́ wọn: ó tọ́ka, ó gbójú sókè, ó dúró de ọmọ tó lọ́ra jù, kò sì jẹ́ kí àwọn tó yára mọ̀ pé òun ń dúró. Mo ti lọ yunifásítì, mi ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Sáà parí, ó sì lọ sí Ọ̀yọ́ lóòótọ́. Ìsinmi yẹn gùn lójú mi. Mo ń bi ìyá mi léèrè ṣáá, títí ó fi ní, "Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìwọlé, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú ìwé tí ó ká lọ́wọ́. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n, kò sì gbójú sókè dáadáa. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, màmá. Ẹ mú fọ́tò wá?"

"Ọ̀fọ̀ wo?" Ohùn náà ti já gaara. "Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tuntun ni. Mo fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì wọn kí wọ́n tó dé."

Ọ̀gá fò dìde, ó fún un ní àga rẹ̀. Àǹtí wa jókòó tì mí, ó wọ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ wọ́n. Bí mo bá gbàgbé àmì ohùn lórí èyíkéyìí, á fi ìka gbá ojú kọ̀ǹpútà.

"Fi àmì sí i. Ọmọ èèyàn ni."

Mo fi sí i. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ní ó ku orúkọ méjìdínlógún.