Orúnkún Tí Mo Fi Pamọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní ilé wa lẹ́yìn ọjà Ìpata, ẹgba kì í jìnnà sí ẹ̀yìn mi nítorí bọ́ọ̀lù. Alfa ni bàbá mi. Tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní kéwú, tí wọ́n wo ẹ̀yìn tí wọn ò rí mi, wọ́n ti mọ̀ pé pápá ni mo sá lọ. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta iṣu, ló máa ń bá mi bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú Ìlọrin yìí fi gbà mí síṣẹ́. Àárín pápá ni mo ń gbá. Èmi ló ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, tí mo ń pín in fún àwọn tó wà níwájú.

Lọ́dún kẹta, orúnkún mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo fi pamọ́, torí wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn òyìnbó kan ń bọ̀ wá wò wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sì mú ẹni tó bá wù wọ́n lọ sókè òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo yà sílé, ìyá mi fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ orúnkún ọ̀hún títí, ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

"Má lọ. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́. Sọ fún kóòṣì yín."

"Ìyá, tí mo bá sọ, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan náà ni wọ́n máa fi sípò mi. Mi ò ní rí irú ẹ̀ mọ́ láyé."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé wàá rí òmíì?"

Mo di báńdéèjì mọ́ ọn, mo wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù tó gùn kọjá orúnkún lé e, mo lọ. Kóòṣì bi mí bóyá ara mi le. Mo ní, "Wàláhì, kò sóhun tó ń ṣe mí."

A ò tíì gbá a fún ogún ìṣẹ́jú tí bọ́ọ̀lù kan fi wá bá mi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Mo fẹ́ yí, orúnkún ò bá mi yí. Mo gbọ́ bó ṣe ró. Mo dìde, mo ṣubú, mo tún dìde, mo tún ṣubú. Mo wá ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ lórí koríko, mò ń bẹ rẹfirí: "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo lè gbá a!" Wọ́n gbé mi jáde bí ẹni gbé òkú. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló wọlé rọ́pò mi. Òun ni wọ́n mú lọ.

Bàbá mi wá sí ọsibítù. Mo ti ń retí pé wọ́n á ní ṣebí àwọn ti kìlọ̀. Wọ́n jókòó síbi ẹsẹ̀ mi.

"Mo máa ń gbọ́ yín lórí rédíò," ni wọ́n sọ. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe orúkọ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó sunkún.

Mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láti ọjọ́ náà. Lóde òní, ẹ̀rọ wà tó ń ya àwòrán inú orúnkún, àwọn dókítà á tún un ṣe, ẹlẹ́sẹ̀ á sì padà sórí pápá. Inú mi ń dùn fún wọn, ṣùgbọ́n ti orúnkún kọ́ ló ń dùn mí jù. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ mi kọ lẹ́tà sí mi láti òkè òkun, ìlara ò jẹ́ kí n fèsì. Ẹ̀yin ń fi fóònù pe ẹni tó wà níbi tó jìnnà, ẹ sì ń rí ojú ẹ̀. Nígbà tí fóònù fi máa dé ọ̀dọ̀ tiwa, tí mo fi wá nọ́ńbà ẹ̀ rí, ọmọ ẹ̀ ló gbé e. Ó ní wọ́n ti sin bàbá òun.