Ọ̀wẹ̀ Àna Tí Mo Fi Katapílà Ṣe

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ mi náà kì í gbà. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní bàbá àwọn ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i ní Ajégúnlẹ̀, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun, tí katapílà fi àtàǹpàkò gbá irin gbọọrọ mú bí ìgbà tí ènìyàn mú pákò dání, tó sì ń fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n gbé e wá. Ìyàwó ni mo ń wá.

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ akọ̀wé àgbà ní Àpápá, ọmọ ìjọ pátápátá, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín kí ó tó di ọ̀sán. Ilé wọn wà létí ọ̀sà. Bí òjò bá ti rọ̀, omi àgbàlá á wọlé, á kọjá ẹnu ọ̀nà, á dé abẹ́ àga nínú pálọ̀. Nígbà tí mo lọ sọ fún wọn pé mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n wò mí láti orí dé bàtà.

“Nílùú tiwa,” wọ́n ní, “ẹni tó bá ń wá ìyàwó á kọ́kọ́ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Á wá kọ ebè.”

“Ẹ má bínú, sà, kò sí oko l'Ájégúnlẹ̀.”

“Àgbàlá tí o gbà kọjá yẹn loko mi. Bá mi tẹ́ ẹ. Bí òjò bá rọ̀ tí omi ò wọlé, kí àwọn ènìyàn rẹ máa bọ̀. Bí omi bá wọlé, má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu.”

Ọ̀rọ̀ kò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ọmọbìnrin náà bu omi fún mi mu, ó kí mi pẹ̀lẹ́.

Kí n má purọ́, bírò nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bọ́ sí mi lọ́kàn, tó ń wa katapílà kékeré ní yáàdì kan ní Àpápá. Katapílà yẹn ní apá gígùn kan, garawa irin elẹ́yín wà lẹ́nu apá náà. Wẹ́dà kan ti jó irin mìíràn mọ́ ọn tó ń ṣí tó sì ń pa, òun la ń pè ní àtàǹpàkò, kí ẹ̀rọ náà lè máa gbá igi mú. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ mi yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa ní ọjọ́ Sátidé, pé kí a dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tó dé, gbogbo àdúgbò jáde. Ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ fi garawa gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n eyín garawa ń ya ilẹ̀ bí ooyà. Ló bá lọ fi àtàǹpàkò gbá irin gbọọrọ kan mú, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé òrùlé ilé ìkẹ́rùsí. Ó gbé irin náà dábùú bí ajá tó gbé egungun há ẹnu, ó sì ń wọ́ ọ bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ibi tó ga, irin gé e. Ibi tó jin, yẹ̀pẹ̀ dí i. Ó dùn ún wò.

“Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó tẹ́?” mo bi í.

Ó nawọ́ sí bájì kan, ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù, tó dúró lórí ọ̀sà níwájú wa, tí àwọn lébìrà ń já sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀. “Ṣé o rí etí bájì yẹn? Orí omi ló wà. Omi kì í gun òkè. Bí irin mi bá ti ṣe déédéé pẹ̀lú etí bájì, ó parí nìyẹn. Wahala no dey.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo yíjú sí bàbá. “Sáyẹ́ǹsì ni, sà.”

“Ẹ tẹ́ ilẹ̀ fún mi,” wọ́n ní. “Mo ti jáde ilé ìwé.”

Bí a bá kọjú sí ọ̀sà, ilé wà lọ́wọ́ òsì wa, gọ́tà tí omi yẹ kó bá lọ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí a tẹ́ apá kan tán, ìyá gbé omi jáde, ó dà á sílẹ̀. Omi dúró sójú kan, kò lọ sí ọ̀tún, kò lọ sí òsì. Inú mi dùn débi pé mo kí ara mi kú iṣẹ́.

A tẹ́ ìyókù. Ìyá tún da omi. Omi yìí rọra yí padà, ó forí lé ilé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ọ̀rẹ́ mi ní kò lè ṣeé ṣe. Ó tún un tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lóṣòó, mo di ojú kan, mo fi èkejì wo irin, mo wo bájì: wọ́n bára mu rẹ́gí. Ìyá da omi. Omi sáré lọ́tẹ̀ yìí.

“Ṣé ilẹ̀ yìí ń rì ni?” ọ̀rẹ́ mi ní.

“Àbí ilé ló wọ́?” èmi náà ní, torí pé mo ti ń fura sí ilé.

Bàbá gbọ́. “Kí ẹ tó dé, ilé mi ò wọ́.”

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún burú sí i. Orí mi ń pòòyì. Ohun tó tẹ́ lójú ni omi ń sọ pé kò tẹ́, mi ò sì mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́ nínú ojú mi àti omi. Oòrùn ń wọ̀, ọ̀rẹ́ mi gbé katapílà rẹ̀ lọ. Mo sọ fún bàbá pé yẹ̀pẹ̀ tuntun ni, yóò jókòó dáadáa tó bá dàárọ̀. Wọ́n gbójú sókè wo ọ̀run. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí n tó délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ kóòtù, mo lọ bá wọn kí a lè jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú pálọ̀. Ìwé orin wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá de táì, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ń fi abọ́ gbọ́n omi síta. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó gbé ojú kúrò.

Mo bojú wo ọ̀sà, kí n má baà wo ojú wọn. Bájì ti ṣófo, ó léfòó, etí rẹ̀ tẹ́ gbalaja. Àgbàlá tí a fi etí rẹ̀ tẹ́ lánàá wá dà gẹ̀rẹ́ sápá ilé. Ìgbà náà ni mo rántí pé apá ọ̀tún bájì ni àwọn lébìrà ti ń kó sìmẹ́ńtì kúrò. Bí ọ̀tún ti ń fúyẹ́, ó ń gòkè, òsì ń rì. Àwa náà sì ń bá a tẹ̀ lọ.

“Sà, bájì ló tẹ̀,” mo ní.

“Bájì ló wà nínú pálọ̀ mi?”

Bàbá wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé ọkọ́ méjì jáde, wọ́n na ọ̀kan sí mi. “Bọ́ kóòtù yẹn. Ọwọ́ ni àna fi ń ṣe ọ̀wẹ̀.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú omi láti ẹnu ọ̀nà lọ sí gọ́tà, èmi níwájú, bàbá lẹ́yìn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó dákẹ́, wọn kò gbórí sókè. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó nígbà tí omi àkọ́kọ́ rí ọ̀nà dé gọ́tà.

“Bàbá rẹ,” wọ́n ní, “ṣé ó mọ ọkọ́ lò?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n lò dáadáa, sà.”

“Sọ fún un kó máa bọ̀ ní Sátidé.”

Mo dúró. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé iṣu àti Bíbélì ni kí wọ́n gbé wá, àbí ọkọ́?”

“Kí ló ṣe é tí kò lè gbé gbogbo rẹ̀?”

Mo ní ó yé mi, sà. Kò yé mi. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí ọmọbìnrin náà tó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Mo tún gbé ọkọ́ sókè.