Ìrù Ẹja Tí Ìyàwó Mi Yà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ikate láìpẹ́ yìí. Mi ò tíì kọ nǹkan kan síbí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbàgbé mi.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ẹja yíyan ló ń tà. Ọmọ etí ọ̀sà ni, lẹ́yìn Ajah. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹja sínú ọ̀rá fún àwọn ará estate, òun fúnra rẹ̀ ló fi báírò ya ẹja kékeré kan tó di logo rẹ̀, àmì tí wọ́n fi ń mọ ọjà rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i!

Ní báyìí, Mosún, ọmọ wa, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ajah lórúkọ màmá rẹ̀. Ó fẹ́ pátákó ńlá níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni logo wà? Bébà tí màmá rẹ̀ yà á sí ti sọnù. Fọ́tò kékeré kan lórí fóònù mi ló ṣẹ́ kù.

A gbé e lọ bá Ṣadé, ọmọbìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya logo ní Ikate. Ó fẹ fọ́tò náà lójú wa. Háà! Ẹja di igun-mẹ́rin dúdú àti eérú, bíi táìlì ilé ìwẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ṣe rí: igun-mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n tò jọ, tí a bá sì fẹ̀ ẹ́ jù, àwọn náà ni yóò máa tóbi. Ó ní vector la nílò. Nínú vector, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe tẹ̀, àti ibi tó parí sí ni kọ̀ǹpútà máa ń rántí. Ẹ ní kó tóbi bí ilé, yóò tún ìlà náà fà lákọ̀tun. Bó ṣe mọ́ lára ọ̀rá ẹja ni yóò ṣe mọ́ lára pátákó.

Ó tẹ́ fọ́tò náà sábẹ́, ó ń to àmì róbótó lé e lórí, ó ń fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Orí ẹja jáde. Ikùn jáde. Inú mi ń dùn. Nígbà tó dé ìrù, ó fà á tààrà, ó ní òun ti bá wa tún ibi tí báírò ti yọ̀ ṣe.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dá a padà bó ṣe wà.

Mosún kọjú sí mi. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ o! Ìrù wíwọ́ yẹn? Àwọn kọ́sítọ́mà á ní ẹja wa ti kán nírù!”

Ṣadé rẹ́rìn-ín. “Bàbá, logo tó mọ́ ló ń tajà o.”

Ṣé kí n dákẹ́ ni? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, ìlà yẹn ti lọ nìyẹn, èmi nìkan ni yóò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Mo wá sọ fún wọn. Inú ọkọ̀ ni màmá Mosún ti ya ẹja yẹn, lórí itan rẹ̀, lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Ibeju-Lekki. Èmi ni mò ń wakọ̀. Ìrù ló kù tí a fi gun bọ́m̀pù ojú títì kan tí wọn ò kùn ní ọ̀dà. Ọkọ̀ fò, báírò yà bàrá! Ó kọ́kọ́ kígbe mọ́ mi: “Bàbá Mosún, ṣé ẹja lẹ fẹ́ pa ni, àbí èmi?” Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó tún un yà. Ó kọ̀. Ó ní àwa méjèèjì la jọ yà á, kó wà bẹ́ẹ̀.

Mosún ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ó kọjú sí Ṣadé. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá bọ́m̀pù yẹn padà.”

Ṣadé fi àmì méjì kún ìrù náà, ó fà wọ́n wálẹ̀, ó bi mí bóyá ó ti tó. Mo ní kó fi díẹ̀ kún un. Òun gan-an nìyẹn! Ó wá fẹ̀ ẹ́ títí ìrù nìkan fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Kò fọ́ rárá. Wọn ò yọ mí lẹ́nu. Wọ́n jẹ́ kí n máa wò ó.

Wọ́n ti gbé pátákó náà kọ́. Mosún dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ń nàka sí ìrù fún oníbàárà kan: “Ibẹ̀ yẹn ni dádì mi ti gun bọ́m̀pù!”

Ẹ̀yin tó ń tajà, ẹ gba vector logo yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Fọ́tò nìkan ò tó. Tí ìlà kan bá sì wọ́, tí ẹ mọ ìdí rẹ̀, ẹ tètè sọ fún àwọn ọmọ yín, kí aláàánú kan tó bá yín tún un ṣe.

Kí ló wà lọ́dọ̀ tiyín, tí ẹni yín fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà.